Kẹ̀kẹ́ ló fọ́ Annemiek lórúnkún, kẹ̀kẹ́ náà ló tún gbé e dé ipò ọ̀gá àgbáyé

Gbogbo àwọn tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lọ́jọ́ náà, kò sẹ́nì kankan nínú wọn tó mọ̀ pé orúnkún obìnrin ọ̀hún ti fọ́. Ohun tí wọ́n ṣáà rí ni pé Annemiek van Vleuten ṣubú láàárín èrò oníkẹ̀kẹ́, ó dìde, ó tún gorí kẹ̀kẹ́ ẹ̀, eré sì tún bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 29, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2018 lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ lórílẹ̀-èdè Austria, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdíje kẹ̀kẹ́ gbogbo àgbáyé fáwọn obìnrin. Láti ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Kufstein ni wọ́n ti gbéra, Innsbruck ni wọ́n ń lọ, ọ̀nà náà lé ní 150 kìlómítà, òkè tó sì wà níbẹ̀ kì í ṣe òkè tí wọ́n ń fi ẹnu gùn. Níbi tí Annemiek ti ṣubú yẹn, nǹkan bíi 90 kìlómítà ló ṣì wà nílẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó, ó ju ọ̀nà Ìbàdàn sí Abẹ́òkúta lọ. Ẹsẹ̀ tó ti ya ló fi gun gbogbo ẹ̀, ipò keje ló sì ṣe. Ipò keje nínú gbogbo àgbáyé o, pẹ̀lú eegun tó ti ya!

Ìgbà tí wọ́n dé ọsibítù ni àṣírí tú. Wọ́n ya fọ́tò eegun ẹsẹ̀ ẹ̀, ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré rárá. Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé ẹ̀ bó ṣe máa yé gbogbo wa. Eegun ńlá tó wà lójúgun, orí ẹ̀ lókè tẹ́ pẹrẹsẹ bí orí tábìlì. Orí tábìlì yìí ni eegun itan jókòó lé. Téèyàn bá dìde dúró, téèyàn bá ń gun àtẹ̀gùn, téèyàn bá gbé ẹrù sórí, òun ló ń ru gbogbo ẹ̀. Òun gan-an ló ya mọ́ Annemiek lẹ́sẹ̀.

Tí eegun apá bá kán, wọ́n lè dì í ní POP, kí wọ́n gbé e kọ́ ọrùn, kó máa jinná díẹ̀díẹ̀. Ti orúnkún kò rí bẹ́ẹ̀. Tí orí tábìlì yẹn bá jinná ságọ̀, tí apá kan fi ga ju ìkejì lọ díẹ̀ báyìí, eegun á máa ha eegun, ẹni ọ̀hún á sì máa tiro títí ọjọ́ alẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sábà máa ń ṣe sí i. Wọ́n á là á, wọ́n á to eegun náà padà kó lè tẹ́ bó ṣe tẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n á sì fi irin pẹlẹbẹ àti ìdè dì í mú. Bí Annemiek náà ṣe dèrò orí bẹ́ẹ̀dì oníṣẹ́ abẹ nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti wá dun àwọn èèyàn ẹ̀ jù ni pé ọjọ́ mẹ́rin péré ṣáájú ọjọ́ yẹn, nílùú Innsbruck kan náà, òun ló gba góòlù nínú ìdíje tí wọ́n máa ń gùn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí aago máa ń ka ìṣẹ́jú àáyá mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Ọdún kejì tó máa gbà á léraléra nìyẹn. Gbogbo ayé ti gbà pé ọdún 2018 ni ọdún ẹ̀. Àfi bí ẹsẹ̀ ṣe fọ́. Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ẹni ọdún 35 ni lọ́jọ́ tó ṣubú, ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kó ṣọjọ́ ìbí ọdún 36. Lẹ́nu iṣẹ́ kẹ̀kẹ́, irú ọjọ́ orí yẹn ni ọ̀pọ̀ máa ń di ẹrù wọn, tí wọ́n á ní ó tó gẹ́ẹ́. Tí orúnkún wá fọ́ mọ́ ọn, kí ló tún kù?

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ìtàn obìnrin yìí dáadáa, kò ní tètè sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti parí. Nítorí pé ọ̀rọ̀ orúnkún náà ló sọ ọ́ di oníkẹ̀kẹ́ níbẹ̀rẹ̀.

Orílẹ̀-èdè Netherlands ni wọ́n ti bí i lọ́jọ́ 8, oṣù kẹwàá, ọdún 1982. Àwọn àgbà wa ló mọ ibẹ̀ sí Họ́láǹdì, níbi tí àǹkàrá olówó ńlá táwọn ìyá wa ń fi yangàn lóde ìnáwó ti ń wá. Vleuten gan-an lorúkọ ìlú ẹ̀, orúkọ ìdílé ẹ̀ náà sì túmọ̀ sí ará Vleuten, bí ẹni pé ọmọ bíbí Ìwó ń jẹ́ Ará-Ìwó. Nílẹ̀ àwọn èèyàn yìí, kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ohun tálákà. Olóyè ń gùn ún, dókítà ń gùn ún, ìyá ọlọ́mọ ń gbé ọmọ síwájú ẹ̀ lọ sọ́jà. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn ṣe ń gùn ún yẹn, Annemiek kò fi ṣe iṣẹ́. Bọ́ọ̀lù ló ń gbá ní tiẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ gíga Yunifásítì Wageningen ló lọ, ibẹ̀ ló ti kọ́ nípa àwọn ẹran, ó tún wá kàwé sí i lórí bí àrùn ṣe ń tàn kálẹ̀ láàárín ìlú. Ọmọ tó mọ̀wé ni, iṣẹ́ ọ́fíìsì ló sì fẹ́ ṣe.

Bọ́ọ̀lù ló kọ́kọ́ ba orúnkún ẹ̀ jẹ́. Ìgbà tọ́rọ̀ náà kò lójútùú mọ́, wọ́n ní kó yéé sá kiri pápá, kó kúkú máa gun kẹ̀kẹ́, nítorí pé ìyẹn kì í ni orúnkún lára bíi bọ́ọ̀lù. Kó lè lera ni wọ́n ṣe ní kó máa gùn ún o, kì í ṣe kó lè gbapò kankan. Àfi bó ṣe gorí kẹ̀kẹ́ tí gbogbo àwọn tó ti ń gùn ún láti kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹ̀yìn ẹ̀. Ó ti lé lọ́mọ ogún ọdún dáadáa kó tó mọ̀ pé iṣẹ́ òun nìyẹn. Ó fi ọ́fíìsì sílẹ̀. Lọ́dún 2011, ó gba ìdíje Tour of Flanders ní Belgium, èyí tó jẹ́ pé táwọn ará ibẹ̀ bá gbọ́ orúkọ ẹ̀, ńṣe ni wọ́n máa ń ṣe bí ẹni gbọ́ ìlù ọdún.

Kó tó di ti Innsbruck yẹn, ojú ẹ̀ ti rí nǹkan rí. Ẹni tó bá wo ìdíje Olympics tí wọ́n ṣe ní Rio, lórílẹ̀-èdè Brazil, lọ́dún 2016, kò lè gbàgbé. Lọ́jọ́ 7, oṣù kẹjọ, Annemiek nìkan ló wà níwájú, ó ku nǹkan bíi kìlómítà mẹ́wàá kó débi tí góòlù wà. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè kan tí wọ́n ń pè ní Vista Chinesa, ọ̀nà náà tutù, ó sì ń yí kọ́lọkọ̀lọ. Lójijì ni kẹ̀kẹ́ yọ̀ mọ́ ọn nídìí, ó fò lókè, ó fi orí sọlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọnkéré. Kò mì. Àwọn tó ń wò ó lórí tẹlifíṣàn rò pé ó ti kú ni. Eegun ẹ̀yìn ẹ̀ ya níbi mẹ́ta, ọpọlọ ẹ̀ mì gan-an, inú yàrá tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó wà láàárín ikú àti ìyè ni wọ́n gbé e sí. Lóṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, ó ti padà sójú ìdíje.

Nǹkan kan wà tó máa ń ya àwọn tó ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ lẹ́nu. Lọ́jọ́ tí Annemiek ṣubú ní Rio, Anna van der Breggen, ọmọ Netherlands bíi tiẹ̀, ló gba góòlù. Lọ́jọ́ tí orúnkún fọ́ ní Innsbruck, Anna van der Breggen yìí kan náà ló tún gba góòlù. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ̀kan ṣubú, ẹ̀ẹ̀mejì nìkejì gòkè. Kò sẹ́ni tó sọ pé wọ́n ń bára wọn jà o, ìlú kan náà ni wọ́n ń ṣojú fún. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, tó ń wo ẹnìkejì nínú ẹ̀wù aláwọ̀ òṣùmàrè tí wọ́n máa ń wọ̀ fún ọ̀gá àgbáyé, ẹ̀yin náà ẹ mọ bọ́kàn ẹ̀ ṣe máa rí.

Ìgbà tí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ abẹ tán, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀bẹ dókítà ló ń wo orúnkún sàn. Rárá o. Eegun ni dókítà ń tò. Iṣan ló ń gbé eegun dúró, iṣan yẹn sì nìyí, bí wọn kò bá lò ó, kíá ló ń gbẹ. Lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀, àwọn dókítà sábà máa ń sọ pé kí aláìsàn má fi gbogbo ara tẹ ẹsẹ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ méjìlá. Igi ni wọ́n á máa fi tilẹ̀ kiri. Kó tó di pé wọ́n gba igi kúrò lábẹ́ abíyá, itan tó ṣàìsàn á ti rù, èyí tára ẹ̀ le á ṣì rí gbàmùgbamu. Téèyàn bá wọ ṣòkòtò péńpé, á dà bí ẹni pé bàbá àti ọmọ ló yá ara wọn lẹ́sẹ̀. Fún akọ̀wé, kò fi bẹ́ẹ̀ burú. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó jẹ́ pé itan ló fi ń jẹun ńkọ́?

Orúnkún tún ní ìwà burúkú kan. Tí kò bá mì fún ìgbà pípẹ́, ńṣe ló máa ń gan. Ohun tí ìdílé máa ń ṣe fún aláìsàn lọ́dọ̀ wa níbí sì nìyẹn. Tí ìyá bá ti ilé ìwòsàn dé, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ lé orí tìmùtìmù, wọ́n á ní, "Mọ́mì, ẹ má dìde o, ẹ jẹ́ ká bá yín gbé e." Omi, ọmọ gbé e. Oúnjẹ, ìyàwó ọmọ gbé e. Ìfẹ́ ni lóòótọ́, a ò lè bá wọn wí. Ṣùgbọ́n oṣù kejì, tí mọ́mì bá fẹ́ kúnlẹ̀ gbàdúrà, orúnkún á ní òun ò lọ. Àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ títo iṣan, àwọn tí wọ́n ń pè ní fisiotẹ́ráápì, kì í jẹ́ kó pẹ́ kí wọ́n tó ní kí aláìsàn máa ká ẹsẹ̀ kò, kó máa nà án, ìgbà míì ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ pàápàá. Ó máa ń dunni. Àwọn kan ti bú wọn lórí ẹ̀.

Ọ̀kan pàtàkì nínú irinṣẹ́ tí wọ́n ń lò ni kẹ̀kẹ́. Kì í ṣe èyí tó ń lọ ojú títì o, èyí tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ tí kì í lọ síbì kan ni. Ìdí ẹ̀ kò ṣòro. Téèyàn bá ń sáré, gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá balẹ̀ ni gbogbo ara máa já lé orúnkún lórí. Ṣùgbọ́n lórí kẹ̀kẹ́, ìdí ló wà lórí ìjókòó, ìjókòó ló gbé ara. Orúnkún kàn ń ká, ó ń nà ni, ìyípo kan náà nígbà gbogbo, kò sí pé ó ń ta gbọ̀ọ́n-gbọ̀ọ́n. Omi tó wà láàárín oríkèé náà á máa ṣàn káàkiri, á máa fi epo sí i, ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n rí sí orúnkún Annemiek nígbà bọ́ọ̀lù nìyẹn, ohun kan náà ni ẹnikẹ́ni tó bá ṣiṣẹ́ abẹ orúnkún ń padà bá.

Wọ́n kì í kàn gorí ẹ̀ lọ́jọ́ kan kí wọ́n máa wà á lọ. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé ìjókòó kẹ̀kẹ́ sókè, kí orúnkún má baà ká jù. Kí pẹ́dà tó lè yí po lẹ́ẹ̀kan, orúnkún gbọ́dọ̀ lè ká tó nǹkan bíi 110 dìgíríì, orúnkún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ̀bẹ kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ìdajì ìyípo ni wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ti pẹ́dà síwájú, á há, wọ́n á dá a padà sẹ́yìn, á há, bí ọmọ tó ń ti ìlẹ̀kùn tí ẹnì kan dúró sẹ́yìn ẹ̀. Á ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ọjọ́ kan á wá jọ́kan, pẹ́dà á yí po gbirí. Àgbàlagbà ti sunkún lọ́jọ́ yẹn rí, kì í ṣe ẹkún ìrora nìkan. Láti ibẹ̀, wọ́n á máa yí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láìfi nǹkan kan dí i, lẹ́yìn náà wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í mú un le díẹ̀díẹ̀, wọ́n á rẹ ìjókòó sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló máa ń sọ òótọ́. Tí orúnkún bá wú láàárọ̀, àṣejù ti wọ̀ ọ́ lánàá nìyẹn. Ẹni tí dókítà ẹ̀ kò bá tíì ní kó gun nǹkan kan, kó má torí ohun tó kà yìí lọ yá kẹ̀kẹ́ o.

Èyí tó wá le jù fún oníkẹ̀kẹ́ kì í ṣe orúnkún, ẹ̀rù ni. Ẹni tó ti fi orí sọlẹ̀ ní Rio, tó ti fi orúnkún sọlẹ̀ ní Innsbruck, tí wọ́n bá tún ní kó máa sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, kí táyà tín-ín-rín máa sá lórí títì tó tutù, ara á máa rántí ohun tí orí ti fẹ́ gbàgbé. Ọ̀pọ̀ ló máa ń padà sórí kẹ̀kẹ́ tí wọn kì í padà síwájú.

Annemiek padà síwájú. Ọjọ́ 9, oṣù kẹta, ọdún 2019, ìyẹn lẹ́yìn bí oṣù márùn-ún àti díẹ̀ tí orúnkún fọ́, ó wà ní Ítálì, níbi ìdíje Strade Bianche. Erùpẹ̀ funfun ni wọ́n ń gùn níbẹ̀, eruku á bo èèyàn bí ẹni tó ti ilé ìlọta bọ̀. Àwọn kan rò pé ó wá fẹsẹ̀ nalẹ̀ ni. Ìgbà tí wọ́n máa fi wọ àárín ìlú Siena, òun nìkan ló ń bọ̀. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó gba Liège–Bastogne–Liège ní Belgium, òun nìkan náà ló tún dé. Lóṣù keje, ó gba Giro Rosa, ìdíje tí wọ́n máa ń fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ gùn yí Ítálì ká. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ pé ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ kò ju pé kì í rẹ̀ ẹ́ láti ṣiṣẹ́. Ó máa ń bá àwọn ọkùnrin inú ẹgbẹ́ ẹ̀ gun òkè nígbà ìgbaradì, wákàtí gbọọrọ ló sì máa ń lò lórí kẹ̀kẹ́.

Ó wá ku ohun kan tí kò tíì ní. Góòlù ti ẹni kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ aago ti wà nílé, àmọ́ ti ojú títì, tí gbogbo wọn ń gùn pọ̀, èyí tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ní Innsbruck, kò tíì gbà á rí. Yorkshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n gbé ti ọdún 2019 lọ. Nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀, wọ́n fi ẹ̀yìn ẹ̀ gbolẹ̀ nínú ti aago, ipò kẹta ló ṣe. Àwọn ọlọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Ó wá di ọjọ́ 28, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2019. Ẹ wo ọjọ́ náà dáadáa. Ó ku ọ̀la kó pé ọdún kan géérégé tí orúnkún fọ́. Láti Bradford sí Harrogate ni, 149 kìlómítà. Wọn kò tíì gùn tó 50 kìlómítà nígbà tí wọ́n dé ìdí òkè kan tí wọ́n ń pè ní Lofthouse. Bí wọ́n ṣe ń gun òkè yìí ni Annemiek tẹ pẹ́dà. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tó máa wẹ̀yìn, kò sẹ́nì kankan mọ́. Ohun tó kù nílẹ̀ níwájú ẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 105 kìlómítà, òun nìkan, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sójú ẹ̀, gbogbo àwọn tó lágbára jù láyé ló sì ń lé e bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹni tí kò bá mọ̀ nípa kẹ̀kẹ́ lè máa rò pé kí ló wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá ń gùn pọ̀, wọ́n á máa sá sẹ́yìn ara wọn, ẹni iwájú á máa la afẹ́fẹ́, àwọn ẹ̀yìn á máa jẹ ìgbádùn, wọ́n á sì máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Ẹni tó bá dá wà, òun nìkan ló máa la gbogbo ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fi 20 kìlómítà dá sá lọ, wọ́n máa ń ní ó láyà. Nígbà táwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣàn rí i pé 105 kìlómítà lobìnrin yìí dá sá láti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní wọ́n á lé e bá. Wọn ò lé e bá. Wákàtí ń lọ, kò sẹ́ni tó rí ẹ̀yìn ẹ̀. Ìgbà tó wọ Harrogate, ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú àáyá 15 ló fi ṣáájú ẹni tó ṣìkejì. Ta lẹni tó ṣìkejì? Anna van der Breggen ni. Amanda Spratt, ọmọ Australia, ló ṣìkẹta. Ẹ̀wù òṣùmàrè tí wọ́n wọ̀ fún Anna ní Innsbruck, Annemiek ni wọ́n wọ irú ẹ̀ fún lọ́jọ́ yẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má wá rò pé gbogbo orúnkún ló ń gbọ́ràn báyẹn o. Egan Bernal wà níbẹ̀. Ọmọ Colombia ni, ẹni ọdún 22 ni nígbà tó gba Tour de France lọ́dún 2019, ó sì gba Giro d'Italia lọ́dún 2021. Lọ́jọ́ 24, oṣù kìíní, ọdún 2022, ó ń gbaradì lójú títì lẹ́bàá Bogotá, ó tẹrí ba, eré ló ń sá, kò rí i pé bọ́ọ̀sì kan ti dúró láti gbé èrò. Ìdí bọ́ọ̀sì ló fi ara gbá. Eegun itan kán, ọmọ orúnkún fọ́, eegun ẹ̀yìn ya, eegun ìhà gún ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe fún un. Òun fúnra ẹ̀ ló wá sọ pé ohun tí wọ́n sọ fóun ni pé nínú ọgọ́rùn-ún, ẹni márùn-ún péré ló ń bọ́ nínú irú ẹ̀ tí kì í rọ.

Kò rọ. Lóṣù kẹjọ ọdún 2022, ó ti wà lójú ìdíje ní Denmark, gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ kọ́ ni ẹsẹ̀. Lóṣù kìíní ọdún 2023, níbi ìdíje kan ní Argentina, orúnkún ló dá a padà, ìrora náà kò jẹ́ kó parí ẹ̀. Ọdún 2023 kọjá, kò gba nǹkan kan. Ọdún 2024 kọjá, kò gba nǹkan kan. Ẹni tó ti wà lókè àgbáyé, ẹ̀yìn àwọn ọmọ kéékèèké ló ń tẹ̀ lé. Oṣù kejì ọdún 2025 ló tó tún gba ìdíje, nílé wọn ní Colombia, ó gba ti aago, ó tún gba ti ojú títì. Lóṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, ó gba ọjọ́ kan nínú Vuelta ti ilẹ̀ Spain. Annemiek lo oṣù márùn-ún, Bernal lo ọdún mẹ́ta. Eegun kì í ṣe àdéhùn pẹ̀lú ẹnikẹ́ni.

Ní ti Annemiek, ìṣubú kò tíì parí pẹ̀lú ẹ̀. Lọ́dún 2020, ọrùn ọwọ́ ẹ̀ kán nígbà tó ń ṣe Giro, kò pẹ́ sígbà náà ló tún fi ọwọ́ tí wọ́n dì ṣìkejì nínú ìdíje àgbáyé ní Ítálì. Ní Olympics Tokyo, lọ́dún 2021, nǹkan mìíràn tún ṣẹlẹ̀ tó pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín. Ó wọlé, ó nawọ́ sókè, ó rò pé góòlù ti di tòun, kò mọ̀ pé Anna Kiesenhofer, ọmọ Austria, ti wọlé ṣáájú. Fàdákà ló gbé. Ojú tì í díẹ̀, ọjọ́ kẹta ẹ̀ ló gba góòlù ti aago. Lọ́dún 2022, ó gba Giro, ó gba Tour de France àwọn obìnrin, ó gba ti Spain. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ sí Wollongong, lórílẹ̀-èdè Australia, fún ìdíje àgbáyé. Bó ṣe kúrò lórí pèpéle tí wọ́n ti ń gbéra báyìí, ó ṣubú, ìgbọ̀nwọ́ ya. Ọjọ́ kẹta ẹ̀, lọ́jọ́ 24, oṣù kẹsàn-án, ó fi ìgbọ̀nwọ́ tó ya gun ti ojú títì, kò lè dìde lórí pẹ́dà bó ṣe yẹ, gbogbo wọn rò pé ó wá ṣèrànwọ́ fáwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ni. Ó ku bíi kìlómítà kan kí wọ́n wọlé, ó kàn tú jáde láti ẹ̀yìn wọn fẹ̀ẹ̀, kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti gbà á.

Lọ́dún 2023, ó tún gba ti Spain àti Giro. Oṣù kẹsàn-án ọdún náà ló gun ìdíje tó gùn gbẹ̀yìn, Simac Ladies Tour, nílẹ̀ Netherlands lọ́dọ̀ wọn. Ẹni ogójì ọdún ni, ó ku bí oṣù kan kó pé 41. Orúnkún tí wọ́n ní kó máa fi kẹ̀kẹ́ tọ́jú nígbà tí bọ́ọ̀lù bà á jẹ́, òun náà ló fi tẹ pẹ́dà wọlé lọ́jọ́ yẹn.